Ìlà Tí Ojú Kò Rí: Ẹ̀kọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Nípa Fífi Òòfà Wá Àlébù Lára Irin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ àwọn wẹ́dà àti mẹ́káníìkì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ alẹ́ òní wà fún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọ ọkọ̀, tí ó ń gba orí afárá kọjá, tàbí tí ó ń gbé nítòsí ibi tí ọ̀pá epo gbà kọjá, kí ó má ṣe dìde lọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Bí ìyá kan bá lọ ra ìkòkò lọ́jà, kì í kàn wo ẹwà rẹ̀ kí ó sì sanwó. Yóò gbé e sókè, yóò fi ìka kàn án, yóò sì dẹtí sí i. Bí ìkòkò náà bá dún gbọ́ngbọ́n, yóò béèrè iye rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá há, yóò rọra gbé e kalẹ̀, yóò sì mú òmíràn. Ìyá náà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí ó tó mọ̀ pé ohun tí ó ń dán lójú lè ti sán nínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọn a máa fi òòlù kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibùdókọ̀, wọn a sì máa gbọ́ bí ó ṣe dún. Ọgbọ́n rere ni. Àmọ́ ìlà sísán tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, kì í sábà yí ohùn irin padà. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ nílò ọgbọ́n mìíràn, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún yín: bí a ṣe ń fi agbára òòfà àti èérún irin tú àṣírí àlébù tí ojú lásán kò rí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò le láti kọ́. Ọwọ́ a tètè mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó le nínú rẹ̀ ni kí ọkàn gba gbólóhùn kan, kí ó má sì gbàgbé rẹ̀ láéláé: àìrí kì í ṣe àìsí. Bí a ò bá rí àlébù, kò tíì túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé a kò wá a bí ó ti yẹ.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ń mú kí irin sán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹrù tí ó wúwo jù nìkan ni ó ń ṣẹ́ irin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò ní ṣẹ́. Ní ìgbà kẹta, kò ní ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, yóò ṣẹ́ dandan, bẹ́ẹ̀ agbára ọwọ́ yín kò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àárẹ̀ irin nìyẹn. Irin tí ó ń gbé ẹrù lóòjọ́, tí ó ń gbọ̀n, tí ó ń yí, tí ìgbì omi tàbí kòtò ojú ọ̀nà ń gbún un, àárẹ̀ ń mú un díẹ̀díẹ̀. Àárẹ̀ náà kì í bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń wá ibi tí ó ti rọrùn láti bẹ̀rẹ̀: etí ojú jíjó, ẹ̀gbẹ́ ihò, igun tí ó mú, ojú ibi tí irinṣẹ́ ti ha irin. Ibẹ̀ ni ìlà kékeré yóò ti là, tí yóò máa gùn sí i lójoojúmọ́, títí ọjọ́ tí irin tí ó ṣẹ́kù kò ní lè gbé ẹrù náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1980, ilé irin ńlá kan tí ó léfòó lórí Òkun Àríwá, ní apá ti orílẹ̀-èdè Norway, dojú dé. Alexander L. Kielland ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa epo ní agbègbè Ekofisk ni wọ́n fi í ṣe ibùgbé. Ènìyàn 212 ni ó wà nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. 123 nínú wọn ni ó kú. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni ilé náà ní, àwọn ọ̀pá irin ńláńlá sì ni ó so wọ́n pọ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ já. Àwọn yòókù tí ó di ẹsẹ̀ kan mú já tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ náà sì yọ kúrò.

Níbo ni ọ̀pá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán? Ní ojú jíjó kékeré kan, tí kò nípọn ju mìlímítà 6 lọ, tí a fi so ohun tí ó di ẹ̀rọ agbọ́rò-inú-omi mú mọ́ ọn lára. Ohun-èlò náà kò gbé ẹrù ilé náà rárá. A kàn so ó mọ́ ọ̀pá ni. Lára ojú jíjó rẹ̀ sì ni ikú gbà wọlé. Èyí tí ó tilẹ̀ dunni jù ni pé àwọn olùwádìí rí ọ̀dà nínú ibi tí irin náà ti sán. Ẹ gbọ́ mi yé: ọ̀dà, nínú ìlà sísán. Ìyẹn ni pé ìlà náà ti wà lára irin kí ẹni tí ó ń kun ọ̀dà tó gbé búrọ́ṣì rẹ̀. Ọ̀dà wọ inú rẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, irin náà sì ń dán. Irú ìlà bẹ́ẹ̀, tí ó là sí ojú irin lẹ́bàá ojú jíjó, gan-an ni àyẹ̀wò òòfà wà fún, bí a bá ṣe é kí ọ̀dà tó bò ó.

Báwo wá ni òòfà ṣe ń tú àṣírí? Gbogbo wa ni a ti fi òòfà ṣeré rí. A mọ̀ pé ó ní orí méjì, àti pé bí a bá da èérún irin yí i ká, èérún náà yóò to ara rẹ̀ ní ìlà ìlà láti orí kan dé èkejì. Àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni ọ̀nà tí agbára òòfà ń gbà kọjá. Bí a bá sọ irin kan di òòfà, agbára yìí yóò máa ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí pé inú irin rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí irin náà bá pé, agbára náà kò ní jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ibi tí irin ti sán, ọ̀nà gé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò fò jáde sí ojú irin, yóò fi afẹ́fẹ́ ṣe afárá, yóò sì tún wọlé ní apá kejì. Ní ojú ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà sísán náà ti di orí òòfà kékeré méjì. Bí a bá wá da èérún irin tí ó kúnná sí i, èérún náà yóò sáré lọ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èérún irin ni aláǹgbá wa. Ibi tí ó bá kó jọ sí, ògiri ti lanu níbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá. Ní ọdún 1868, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ń pè ní Saxby gbé abẹ́rẹ́ òòfà, irú èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà, lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn. Ibi tí abẹ́rẹ́ náà bá ti ṣàdédé yà, ó mọ̀ pé àlébù wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1922, William Hoke ará Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí ohun kan nígbà tí wọ́n ń lọ irin líle tí òòfà dì mú: èérún tí ó ń bọ́ kò fọ́n káàkiri, ṣe ni ó ń to ara rẹ̀ sí ojú ibi tí irin náà ti sán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí irú èérún bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì gbá a dànù. Kí ọdún 1930 tó dé, Alfred de Forest ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí a ó ṣe sọ ọ́ di àyẹ̀wò tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọdún 1934, òun àti Foster Doane dá ilé-iṣẹ́ Magnaflux sílẹ̀ láti máa ṣe ohun-èlò rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń ya àwòrán sún mọ́ tábìlì yìí díẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ méjì tí a jó pọ̀ nìyí. Irin ìkọ́ṣẹ́ ni. A mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó sán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Èyí tí ó dà bí ẹni tí ó la ẹsẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ òòfà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní yoke. Iná mànàmáná ni ó ń sọ ọ́ di òòfà. Bí a bá pa iná, agbára rẹ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìmọ́tótó. Ọ̀rá, gírísì, ìpẹtà, èérí, gbogbo rẹ̀ ni a ó fi búrọ́ṣì onírin àti omi ìfọ̀rá mú kúrò. Ọ̀dà tí ó nípọn gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, a ó fọ́n ọ̀dà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí i, irú èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, kí èérún dúdú lè hàn lórí rẹ̀ bí inú ìwé. Kò gbọdọ̀ nípọn. Bí ó bá nípọn, a ti tún fi ọwọ́ ara wa bo ohun tí a ń wá.

Ohun kejì ni kí a dán ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ tí ó ń lo iná tí ń lọ tí ń bọ̀, irú iná tí ó wà nínú ilé wa, gbọ́dọ̀ lè gbé irin tí ó wúwo tó kílò 4.5 sókè. Èyí tí ó ń lo iná tí ó ń lọ sí ọ̀nà kan, bí ti bátìrì, gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bí kílò 18. Ẹ̀rọ tí kò bá lè gbé e, kí a dá a padà. Oníṣẹ́ tí ó bá fi í ṣiṣẹ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Àwọn oríṣi iná méjèèjì yìí ní ìwúlò tiwọn. Ti àkọ́kọ́ máa ń kó agbára rẹ̀ jọ sí ojú irin, nítorí náà ó dára jù fún ìlà tí ó là sí ìta. Ti èkejì máa ń wọ inú díẹ̀, ó sì lè fi àlébù tí ó wà lábẹ́ ojú irin gan-an hàn, bí kò bá jìn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ náà. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ sí orí irin. A kì í jẹ́ kí àlàfo àárín wọn dín ní mìlímítà 75, a kì í sì í jẹ́ kí ó ju 200 lọ. Mo gbé wọn tẹ̀lé gígùn ojú jíjó: ẹsẹ̀ kan ní apá òkè, ẹsẹ̀ kejì ní apá ìsàlẹ̀. Mo tan iná. Bí iná ti ń lọ lọ́wọ́, mo fọ́n omi tí èérún irin wà nínú rẹ̀. Mo dáwọ́ fífọ́n dúró kí n tó pa iná, nítorí pé bí omi bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn tí agbára ti lọ, yóò fọ ohun tí èérún ti kó jọ dànù. Ẹ wò ó. Ẹ tún un wò. Kò sí nǹkan kan. Irin náà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mo dúró níbí, n bá kọ sínú ìwé pé irin yìí dára, n bá sì buwọ́ lù ú.

Nísinsìnyí, mo yí ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ kan ní apá ọ̀tún ojú jíjó, ẹsẹ̀ kejì ní apá òsì. Iná, omi, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ wo etí ojú jíjó náà! Ìlà dúdú kan ti jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, ó gùn tó ìka méjì. Irin kan náà ni. Ẹ̀rọ kan náà ni. Èérún kan náà ni. Ọ̀nà tí a gbà wò ó nìkan ni ó yí padà.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Bí agbára òòfà bá ń ṣàn ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìlà sísán, ńṣe ni yóò bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ènìyàn tí ó ń rìn lẹ́bàá kòtò tí kò sì já sínú rẹ̀. Kò ní sí ohun tí yóò mú un fò jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá dábùú ìlà náà, yóò kàn án gbáko. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé a kì í wo ibì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń wò ó, èkejì sì gbọ́dọ̀ dábùú ti ìṣáájú. Bí ibi tí a ń wò bá gùn, àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan yóò wọ inú èyí tí ó ṣáájú díẹ̀, kí àlàfo má baà ṣẹ́kù láàárín. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé èkejì ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ rántí irin orí tábìlì yìí.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Fún èérún dúdú tí a ń fi ojú lásán wò, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tó lux 1000. Fìtílà kékeré tàbí òjìji abẹ́ ọkọ̀ kò tó. Èérún mìíràn sì wà tí ó ń tàn yòò lábẹ́ iná àkànṣe tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní iná dúdú. Inú òkùnkùn ni a ti ń lò ó, níbi tí ìmọ́lẹ̀ lásán kò ti ju lux 20 lọ. Ẹni tí ó bá wọlé láti inú oòrùn gbọ́dọ̀ dúró ná fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú rẹ̀ mọ́ òkùnkùn lára, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ awò tí ń ṣú fúnra rẹ̀, nítorí iná náà lè mú kí ó ṣú. Ẹni tí a fi ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ òòfà rárá. Omi olóòórùn tí a fi ń fọ irin a sì máa gbiná. Kí afẹ́fẹ́ wà níbi tí a ti ń lò ó.

Bí èérún bá kó jọ, ṣé àlébù ni dandan? Rárá o. Ibí ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Igun tí ó mú, eyín bóòtù, ibi tí irin oríṣi méjì ti pàdé, gbogbo wọn lè mú agbára òòfà jáde, kí èérún sì lẹ̀ mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ irin náà kò sán. Èérún sì lè kàn há sí ojú tí kò dán, bí eruku ti ń há sí ara ògiri. Ìlà sísán tòótọ́ tí ó là sí ìta máa ń mú ṣánṣán, etí rẹ̀ a sì dá yàtọ̀. Àlébù tí ó wà lábẹ́ ojú irin a máa fẹ̀, a sì máa ṣú bàìbàì. Bí iyèméjì bá wà, kí a nù ún, kí a fọ irin náà, kí a tún un ṣe. Bí ó bá tún jáde ní ojú kan náà, kí a wọn gígùn rẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a kọ ibi tí ó wà àti ọ̀nà tí ó dojú kọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó yọ agbára òòfà tí ó ṣẹ́kù lára irin náà kúrò bí iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe bá béèrè rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa fa èérún sínú bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ọkọ̀, yóò yí abẹ́rẹ́ atọ́nà padà nínú ọkọ̀ òfurufú, iná wẹ́dà pàápàá kò ní dúró lójú kan bí a bá fẹ́ jó o.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Irin líle mìíràn wà tí kì í sán lọ́jọ́ tí a jó o. Afẹ́fẹ́ háídírójìn tí ó wọ inú rẹ̀ nígbà jíjó yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, yóò sì là á ní ọ̀la tàbí ní ọ̀túnla. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlànà fi ń béèrè pé kí a dúró fún wákàtí 24 tàbí 48 kí a tó yẹ irú ojú jíjó bẹ́ẹ̀ wò. Oníbàárà tí ó ń kánjú kò mọ èyí. Iṣẹ́ tiwa ni láti sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwòsàn gbogbo àrùn ni. Irin tí òòfà lè fà nìkan ni ó wà fún: irin wa gbogbo, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì. Kò wúlò fún bàbà, idẹ, òjé tàbí alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún ọ̀pọ̀ irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò àti ṣíbí. Àlébù tí ó jìn sínú kò kàn án. Ẹ̀rọ tí ń fi ìró tí etí kò gbọ́ wá nǹkan, tàbí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn, ni ó lè rí ìyẹn. Fún irin tí òòfà kò fà, omi aláwọ̀ tí ń wọ inú ìlà sísán ni a ń lò. Ìyẹn pàápàá nílò ojú. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, ọkọ̀ òfurufú United Airlines kan já lulẹ̀ ní Sioux City ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 110. Àwo titanium kan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó fọ́ lójú òfurufú. Titanium kò gbọ́ ti òòfà, nítorí náà omi aláwọ̀ ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olùwádìí sọ pé ìlà sísán náà ti wà níbẹ̀ nígbà àyẹ̀wò tí ó kẹ́yìn, ẹni tí ó wò ó kò sì rí i. Àìrí kì í ṣe àìsí.

Ta ni ó lè kọ́ iṣẹ́ yìí? Ẹni tí ó jáde ìwé mẹ́wàá, tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, tí ó sì ní sùúrù. Ìpele mẹ́ta ni ó wà. Ẹni tí ó wà ní ìpele kìn-ín-ní ń ṣe àyẹ̀wò lábẹ́ ìtọ́ni ọ̀gá. Ẹni tí ó dé ìpele kejì lè túmọ̀ ohun tí èérún ń sọ, ó sì lè buwọ́ lu ìwé. Ẹni tí ó dé ìpele kẹta ni ó ń ṣe ìlànà tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Ẹ̀kọ́ inú yàrá fún ìpele kìn-ín-ní kò ju nǹkan bí ọjọ́ méjì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ó wá fi oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ kí a tó jókòó ìdánwò. A sì ń yẹ ojú oníṣẹ́ wò lọ́dọọdún: ó gbọ́dọ̀ lè ka lẹ́tà wínníwínní láti ibi tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ojú ni irinṣẹ́ wa. A kì í lo irinṣẹ́ tí ó ti kú.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ epo àti ọkọ̀ òfurufú ni gbogbo èyí, kí ni ó kàn wá lábẹ́ igi níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ohun-èlò ọkọ̀ tí a ń rà lọ́jà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni tòkunbọ̀. Apá sítíárìn, ọ̀pá tí ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìkọ́ tí ó so tírélà mọ́ orí rẹ̀: irin wọ̀nyí ti rin ìrìn ọdún mẹ́wàá ní ìlú oníìlú kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Àárẹ̀ tí ó mú wọn níbẹ̀ bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kun ún lọ́dà, yóò sì máa dán. Bí èyí tí ó kán bá sì wà, wẹ́dà yóò jó o padà, a ó fi ìlọrin lọ ojú rẹ̀, oníbàárà yóò sì sanwó. Ta ni ó fi èérún irin bèèrè lọ́wọ́ ojú jíjó náà bóyá ó gbà láti gbé ènìyàn méjìdínlógún lọ sí ìlú mìíràn?

Owó ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun tí mẹ́káníìkì kan ṣoṣo lè dá san wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wà. Ẹgbẹ́ tí ó ń dá èésú, tí ó ń ra àga àti ìbòrí fún ayẹyẹ, lè ra ẹ̀rọ òòfà kan ṣoṣo fún gbogbo abúlé mẹ́káníìkì, kí ó sì rán ọmọṣẹ́ méjì lọ kọ́ ọ. Kí ẹni tí ó bá gbé apá sítíárìn wá san owó díẹ̀, kí a wò ó lójú ara rẹ̀. Èyí tí ó bá sán, kí a gé e sí méjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa pẹ̀lú lè fi í kún ẹ̀kọ́ wẹ́dà, kí ọmọ tí ó ń kọ́ bí a ti ń jó irin pọ̀ kọ́ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan kù, fún ẹ̀yin tí ẹ ó kọ́ ọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó rí ìlà dúdú kan lára irin tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Ọkọ̀ yóò ti gbé ẹrù, ọ̀gá yóò ti bínú, oníbàárà yóò sọ pé irin náà ti ń gbé ẹrù láti ọjọ́ yìí, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹnìkan yóò rọra sọ pé kí ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì buwọ́ lùwé. Ẹ má ṣe bá a jiyàn púpọ̀. Ẹ tún irin náà fọ̀, ẹ tún èérún fọ́n sí i lójú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rí i. Bí ó bá rí i tí ó ṣì ní kí ẹ buwọ́ lùwé, kí ẹ gbé kálàmù yín padà sínú àpò. Iṣẹ́ a máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni, a sì tún máa rí òmíràn. Àmọ́ orúkọ tí a kọ sábẹ́ ìwé irọ́ kò ṣe é nù kúrò bí èérún irin.

Ẹ̀yin àgbà tí a jọ wà níhìn-ín, mo dákẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn.